Ẹnu Ń Gbààwẹ̀, Ojú Ń Jẹun: Èrò Òǹwòran Kan Lórí Àwọn Fíìmù Àgbéléwò Wa



  

Nígbà tí àwọn aṣáájú Ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ nínú ààwẹ̀ ọdún yìí, wọ́n ní kí n mú orí-ọ̀rọ̀ tí yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan wá. Mo rò ó, mo tún un rò. Mo wá bi ara mi léèrè pé, lẹ́yìn ìṣínu, lẹ́yìn àṣàmù, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé wa kí sààrì tó dé? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn díẹ̀ ń ka Àlùkùráánì. Àwọn díẹ̀ ti sùn. Àwọn tí ó kù wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, tàbí kí wọ́n dorí kọ fóònù, wọ́n ń wo fíìmù.

Ẹ má rò pé mo wá láti bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ń wò ó. Bí mo bá dúró níwájú yín nínú oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí tí mo ní n kì í wo fíìmù, irọ́ ni mo pa. Ẹ sì mọ ohun tí Ànábì wa (s.a.w.) kọ́ wa nípa ẹni tí ń gbààwẹ̀ tí kò fi irọ́ sílẹ̀: pé Ọlọ́hun kò ní bùkátà sí oúnjẹ àti omi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi du ara rẹ̀. Nítorí náà, n kò gbé ìdájọ́ wá. Èrò ọkàn òǹwòran kan ni mo gbé wá, òǹwòran tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ó jẹ́ Yorùbá, tí ó sì ń tọ́ ọmọ ní Òkè Ọya níhìn-ín.

1. ÌBÉÈRÈ ỌMỌ MI

Inú ilé mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kan, ọwọ́ dín fún mi gidigidi. Owó ilé-ìwé di gbèsè, wọ́n sì dá àwọn ọmọ padà wá sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ ọdún náà, lẹ́yìn tí a ti ṣínu, gbogbo wa jókòó, a ń wo fíìmù Yorùbá kan. Ọkùnrin kan tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ nínú eré náà gbéra, ó lọ sọ́dọ̀ àáfà. Àáfà náà wé láwàní, ó fa tẹ̀sùbáà gígùn lọ́wọ́. Ó tẹ yanrìn, ó ka ohun kan tí ó jọ Lárúbáwá sínú ìgò, ó sì ní kí ọkùnrin náà lọ mú nǹkan kan wá tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọkùnrin náà ti ń gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì. A rẹ́rìn-ín. Àwa tí a jẹ́ àgbà ni a rẹ́rìn-ín, nítorí pé òṣèré náà mọ eré ṣe.

Àbíkẹ́yìn mi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ṣebí àáfà ni ẹ̀yin náà. Kí ló dé tí ẹ ò ṣe tiwa, kí n lè padà sí ilé-ìwé?"

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ náà kò rí mi fín, kò sì ya òmùgọ̀. Ó ti ro ohun tí a fi hàn án, ó sì ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Bí ó bá lọ sí ilé-kéwú, àáfà tí ń kọ́ni ní álífù, bá, tá ni ó ń rí. Bí ó bá padà dé ilé, àáfà tí ń sọ òtòṣì di ọlọ́rọ̀ kí iná tó kú ni ó ń rí. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ẹ rò pé yóò wu ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní ilé-ìwé?

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún àwa tí a wà ní Òkè Ọya ju bí ó ti wúwo fún àwọn ará ilé lọ. Ọmọ tí ó dàgbà ní Ìlọrin, ní Ìwó tàbí ní Ìbàdàn ń bá àáfà rere pàdé ní ojú pópó lójoojúmọ́. Ó lè fi èyí tí ó ń rí wé èyí tí ó ń wò. Ọmọ tiwa ńkọ́? Hausa ni ó ń sọ ní òde, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ní ilé-ìwé. Bí a bá yọ èmi àti ìyá rẹ̀ kúrò, inú fíìmù ni ó ti ń gbọ́ Yorùbá jùlọ. Fíìmù ni ìlú baba rẹ̀ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ya àwòrán ayédèrú fún un pé báyìí ni Mùsùlùmí Yorùbá ti rí, àwòrán náà ni yóò gbé dàgbà. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n ń yọjú wò ó pẹ̀lú wa náà yóò sì máa fi ojú yẹn wò wá ní mọ́sálásí.

2. ÌTÀN SÍSỌ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Àwọn onímímọ̀ kan sọ pé kí a pa fíìmù tì pátápátá. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn. Ẹni tí ó bá lè ṣe é, kí Ọlọ́hun san án ní ẹ̀san rere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìtàn kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀sìn. Nínú Súrátù Yúsúfù, ẹsẹ 3, Ọlọ́hun pe ohun tí Ó ń sọ fún Ànábì Rẹ̀ ní èyí tí ó dára jùlọ nínú ìtàn. Nígbà tí súrà náà fi máa parí ní ẹsẹ 111, Ó ní àríkọ́gbọ́n wà nínú ìtàn wọn fún àwọn onílàákàyè.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn náà: ìlara láàárín ọmọ bàbá, ẹ̀jẹ̀ irọ́ lára ẹ̀wù, títà sí oko ẹrú, obìnrin ilé ńlá tí ó fẹ́ fi ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ mú ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ̀wọ̀n, ìyàn, àti ìdáríjì. Gbogbo ohun tí àwọn onífíìmù ń wá kiri ni ó pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn dé ibi tí obìnrin náà ti ti ilẹ̀kùn, Ọlọ́hun kò tú ẹnikẹ́ni sí ìhòòhò fún wa wò. A gbọ́ pé ilẹ̀kùn tì, a gbọ́ pé Yúsúfù sá di Olúwa rẹ̀, a sì rí ẹ̀wù tí ó ya láti ẹ̀yìn. Ó tó. Ìtàn náà yé wa, ojú wa sì mọ́.

Láti inú súrà yìí ni mo ti mú ìbéèrè mẹ́ta tí mo fi ń wọn fíìmù. Èkíní: kí ni ó fi han ojú mi? Èkejì: ọwọ́ ta ni ó fi agbára sí? Ẹ̀kẹta: kí ni ó kù sí ọkàn ọmọ mi nígbà tí a bá pa tẹlifíṣọ̀n?

3. ÀWỌN TÍ MO YÌN

Kí n má jẹ aláìṣòdodo. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ni àwọn òṣèré Yorùbá ti ń kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àwa tí orí wa ti hewú kò gbàgbé Kóòtù Aṣípa tí Oyin Adéjọbí ń ṣe, níbi tí ẹjọ́ ìlú ti ń di ẹ̀kọ́ ìwà. Nínú àwọn ti ìsinsìnyí náà, mo rí èyí tí ó dùn mọ́ mi.

Ní ọdún 2024, Bọ́lánlé Austen-Peters gbé House of Ga'a jáde, ìtàn Baṣọ̀run Gáà tí ó ń fi ọba jẹ tí ó sì ń yọ wọ́n ní Ọ̀yọ́, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Òwe wa ti wà nílẹ̀ tipẹ́: bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò gbọ́ òwe yìí rí àfi ìgbà tí wọ́n wo fíìmù náà. Èmi ń wò ó, mo ń rántí Fìríáónà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ní ọdún kan náà ni Lisabi: The Uprising jáde, tí Lateef Adédiméjì ṣe Líṣàbí, akọni tí ó gba àwọn Ẹ̀gbá lọ́wọ́ ìnilára. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ pé Ọlọ́hun kò fẹ́ràn àbòsí, ohun tí yóò sọ wà níbẹ̀.

Èyí tí ó dà mí láàmú jù ni A Tribe Called Judah, tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí owó ìwòran rẹ̀ ní ilé sinimá kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Ìyá kan bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún. Àìsàn kíndìnrín dá ìyá náà wó, owó ìtọ́jú kò sí, àwọn ọmọ sì pinnu láti jalè kí ìyá wọn má baà kú. Eré náà mú mi káàánú olè. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bínú sí i, nítorí pé olè ni olè ń jẹ́, àánú kò sọ harámù di halálì.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ẹ̀bi sí wọn lọ́rùn, ìbéèrè kan yí padà sí mi. Bí ìyá yìí bá wà ní àdúgbò wa, ta ni ì bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Nínú Súrátù Táobà, ẹsẹ 60, Ọlọ́hun ka ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí ó tọ́ sí sáká, àwọn aláìní àti mẹ̀kúnnù ni Ó sì fi ṣíwájú. Ẹgbẹ́ wa ń ra ìrẹsì fún ìṣínu lọ́dọọdún, ó dára. Ǹjẹ́ a ní àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wa? Nígbà tí wọ́n lé ọmọ tèmi kúrò ní ilé-ìwé, mo wà ní sọ́fù kìíní ní mọ́sálásí lójoojúmọ́, n kò lè sọ, ẹnìkan kò sì bi mí. Fíìmù tí ó bá lè bi wá ní irú ìbéèrè yìí kì í ṣe òfo, bí a tilẹ̀ kọ ìdáhùn tí òun fúnra rẹ̀ mú wá.

4. ÀWỌN TÍ Ó KỌ MÍ LÓMINÚ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix. Ọmọ Adé Love ni. Eré ṣíṣe kò jẹ́ tuntun ní ìdílé wọn. N kò tí ì rí fíìmù Yorùbá púpọ̀ tí aṣọ, ilé àti ohùn ẹnu dára nínú wọn tó bẹ́ẹ̀. Sàró, ahunṣọ kan, wá sí Ọ̀yọ́. Òun àti Àrọlákẹ́, ìyàwó ọba, bá ara wọn lò pọ̀. Wọ́n lu Sàró pa, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, agbára láti jí òkú sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó gbàgbé obìnrin tí ó gbà á là. Ìgbéraga wọ̀ ọ́, ó sì parun.

Ẹ̀kọ́ nípa àìmoore wà nínú rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́ta wa wọ̀n ọ́n. Kí ni ó fi han ojú mi? Ó fi ohun tí Súrátù Yúsúfù bò hàn mí. Mo ní láti lé àwọn ọmọ wọlé, èmi tí mo sì lé wọn ṣì jókòó síbẹ̀. Ǹjẹ́ àṣẹ pé kí a rẹ ojú nílẹ̀, tí ó wà nínú Súrátù Núúrì, ẹsẹ 30 àti 31, yọ àgbàlagbà sílẹ̀ bí? Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún mi, mo sì sọ ọ́ kí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ọwọ́ ta ni ó fi agbára sí? Ó fi ìyè àti ikú sínú àdó kékeré. A mọ ọba tí ó bá Ànábì Ìbúráhímà jiyàn nínú Súrátùl-Bákórà, ẹsẹ 258, tí ó ní òun náà ń sọni di ààyè, òun náà ń pani. Ìbúráhímà ní kí ó mú oòrùn yọ láti ìwọ̀-oòrùn, ẹnu rẹ̀ sì wọhò. Ànábì Íísà pàápàá tí ó jí òkú, nípa ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun ni. Àgbàlagbà mọ̀ pé àlọ́ ni ti àkàlà. Ọmọdé kò mọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un.

Ní ti ìbéèrè kẹta, ohun tí ó ń kù sí ọkàn, kì í ṣe fíìmù kan ni mo ń bá wí. Ẹ wo bí owó ṣe ń dé nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa. Mélòó ni ẹ ti rí tí ènìyàn ti fi iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ oko tàbí ọjà títà là? Ògùn owó ni ọ̀nà, ọkọ̀ ńlá ni ẹ̀rí, ìyà ìparí kì í sì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn wákàtí méjì ìgbádùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa yẹ fíìmù wò kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 pé òfin ń bọ̀ láti dá ṣíṣe àpọ́nlé ògùn owó nínú fíìmù dúró.

Ta ni wọ́n sì ń fi ṣe oníṣẹ́ burúkú náà? Nígbà mìíràn babaláwo, nígbà mìíràn àáfà. Bí eré bá fẹ́ parí pẹ̀lú àdúrà tí ó gbà, kì í sábà jẹ́ Lèmọ́mù ni yóò gba á. Obìnrin tí ó bá lo ìbòrí, ìyáálé oníjà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe. Kì í ṣe pé kò sí Mùsùlùmí láàárín àwọn òṣèré. Ẹ ka orúkọ tí ń kọjá ní ìparí fíìmù: Sàlámì wà níbẹ̀, Lateef wà níbẹ̀.

5. Ẹ̀BI TIWA

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, nítorí òun ni ó ṣòro jù fún mi láti sọ. Dígí ni fíìmù. Bí ìdọ̀tí bá wà lójú ẹni, dígí kọ́ ni a ń fọ̀. Níbo ni àwọn onífíìmù ti rí àáfà tí ń tẹ yanrìn? Ṣé wọ́n lá àlá rẹ̀ ni? Ẹ ti gbọ́ àwọn tí ń polówó ara wọn lórí rédíò àti lórí fóònù, tí wọ́n ń fi orúkọ Ọlọ́hun ta àwúre. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn ènìyàn ti wá bá mi lẹ́yìn ìrun Íṣáì rí pé kí n bá àwọn ṣe "iṣẹ́" kan. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, sọ́fù ni wọ́n ti dìde. Bí kò bá sí olùrà, olùtà yóò kó igbá rẹ̀ nílẹ̀.

Bákan náà, ta ni nínú wa ni ó jókòó kọ ìtàn àáfà tí ó fi oko dídá bọ́ ọmọ, tí ó sì kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ ní kéwú láìgba kọ́bọ̀? Ta ni ó kọ ìtàn ìyá wa tí ó lo ìbòrí, tí ó sì ta ẹ̀kọ títí ọmọ rẹ̀ fi di dókítà? Àwọn ìtàn wọ̀nyí wà láàárín wa. Ẹni tí kò bá sọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ ọ́, bí ó bá sì ti wu onítọ̀hún ni yóò ṣe sọ ọ́.

6. KÍ NI KÍ A ṢE?

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba fi òfin dè é. A rí i ní Kánò, níbi tí ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò fíìmù ti wà láti ọdún 2001. Ní ọdún 2007 wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ fíìmù dúró fún oṣù mẹ́fà. Síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n ṣì tún ń dá àwọn eré àtìgbàdégbà dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Òfin wúlò, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú fóònù tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ. Bàbá àti ìyá nìkan ni ó lè dé ibẹ̀.

Nítorí náà, mo dábàá ohun mẹ́rin. Èkíní, ní oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a fi wákàtí tí ó wà láàárín àṣàmù àti sààrì sílẹ̀ fún Àlùkùráánì àti oorun. Fíìmù kò ní sá lọ. Èkejì, lẹ́yìn ààwẹ̀, kí àgbàlagbà má jẹ́ kí ọmọdé dá wo fíìmù. Ẹ jọ wò ó, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyẹn nígbà tí ó bá parí. Ẹ̀kẹta, ibi tí ẹ bá ti lé ọmọ dìde, ẹ̀yin náà ẹ dìde. Ẹ̀kẹrin, kí Ẹgbẹ́ wa gba àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ̀wé níyànjú láti kọ ìtàn, kí a sì rán an sí àwọn onífíìmù. Kí a tó bú wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún wọn ní nǹkan.

Súrátùl-Isírái, ẹsẹ 36, kìlọ̀ fún wa pé etí, ojú àti ọkàn, gbogbo wọn ni a ó bi léèrè. Ẹnu tí ó gbààwẹ̀ láti àárọ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú sílẹ̀ kí ó máa jẹ ohun tí ó bá rí ní alẹ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo dá ọmọ mi lóhùn. Mo bi í pé, bí àáfà inú fíìmù náà bá lè ṣe owó, kí ló dé tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wá bẹ̀ ẹ́? Ó rò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ohun tí ojú ti ń tì mí láti sọ fún un: pé bàbá òun kò ní owó, pé Ọlọ́hun nìkan ni a ń bẹ̀, pé iṣẹ́ ni a sì ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti òun jọ lọ sí ilé-ìwé náà. Ó dúró tì mí nígbà tí mo ń bẹ ọ̀gá wọn pé kí ó jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbà á wọlé. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́jọ kí n tó san án tán. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, kò sì tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa ní ìbàádà. Kí Ó fi ojú wa ṣọ́ ohun rere, kí Ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba ọmọ wa jẹ́. Kí Ó fi wá sí ara àwọn tí yóò rí Láílátùl-Kódírì, kí Ó sì jẹ́ kí a tún ṣe ti ẹ̀míì ní àlàáfíà. Àmín.

Ọlọ́hun ni ó mọ̀ jùlọ.